Láàrin ‘Wò Ó’ àti ‘Ṣe É’: Lámèyítọ́ lórí Ọ̀nà Ìkọ́ni ní Ìpìlẹ̀ Iṣẹ́ Abẹ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Ẹran

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe lámèyítọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹran ní ìpìlẹ̀ iṣẹ́ abẹ. Ó mú gbólóhùn kan tí ó gbajúmọ̀ láàrin àwọn oníṣẹ́ abẹ, ìyẹn ‘wò ó lẹ́ẹ̀kan, ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kọ́ ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kan’, ó sì tú u palẹ̀ láti wo ohun tí ó sọ àti ohun tí ó fi pamọ́. Èrò tí àpilẹ̀kọ náà gbé kalẹ̀ ni pé inú àlàfo tí ó wà láàrin ‘wò ó’ àti ‘ṣe é’ ni ìrora ẹran àti ìbẹ̀rù akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, àti pé ìdánrawò oníṣísẹ̀-n-tẹ̀lé lórí ohun tí kò lẹ́mìí ni ó yẹ kí a fi dí àlàfo náà. Ó fi ètò ìkọ́ṣẹ́ Yorùbá wé ọ̀nà yìí, ó sì fi hàn pé ètò méjèèjì ní ohun tí wọ́n lè rí kọ́ lára ara wọn.

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò bá fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, kí ó lè mọ bí ó ti ń dùn tó. Òwe yìí bá gbogbo ènìyàn wí, ṣùgbọ́n ó bá oníṣègùn ẹran wí ju ẹnikẹ́ni lọ. Abẹ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ẹran tí ó ń tọ́jú kò lè sọ ibi tí ó ń dùn ún, kò lè sọ pé òun gbà tàbí òun kò gbà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè bi dókítà rẹ̀ léèrè bóyá ó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ohun tí ẹnu ẹran kò lè sọ ni ó di ẹrù sí ọrùn ẹni tí ó kọ́ dókítà náà níṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1761 ni Claude Bourgelat dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran sílẹ̀ ní ìlú Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, ní àsìkò tí àjàkálẹ̀ àrùn ń pa màlúù lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ní 1791 ni ti ìlú London tẹ̀ lé e. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n dá ibùdó ìwádìí ìṣègùn ẹran sílẹ̀ ní Vom, lẹ́bàá ìlú Jos, ní ọdún 1924. Láàrin àwọn ọdún 1960 ni ẹ̀kọ́ náà wọ Yunifásítì ní Ìbàdàn àti ní Zaria. Lónìí, ó ti dé Abẹ́òkúta, Ìlọrin àti ọ̀pọ̀ ibòmíràn.

Bí ẹ̀kọ́ náà ti pẹ́ tó yìí, ìbéèrè kan kò tíì kúrò nílẹ̀: ara kí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti kọ́ bí a ti ń fi abẹ là? Ọ̀dọ́ tí ó yan iṣẹ́ yìí sábà máa ń yàn án nítorí pé ó fẹ́ràn ẹran. Bí ó bá wá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọn yóò fi abẹ kọ́ ọ ni pé kí ó la ajá tí ara rẹ̀ le, kí wọ́n sì pa ajá náà kí oògùn oorun tó dá lójú rẹ̀, a jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ ń fi ọwọ́ kan kọ́ ọ ní ìtọ́jú, ó sì ń fi ọwọ́ kejì kọ́ ọ pé ẹ̀mí kò tó nǹkan. Ìtakora yìí ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò fínnífínní.

2. Ohun tí ìpìlẹ̀ iṣẹ́ abẹ dúró fún

Kí lámèyítọ́ má baà dá lórí afẹ́fẹ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ gan-an. Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ abẹ kì í ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá. Òun ni bí a ti ń fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá, bí a ti ń wọ aṣọ iṣẹ́ àti ìbọ̀wọ́ láìfi ọwọ́ kan ẹ̀yìn wọn, bí a ti ń di abẹ mú, bí a ti ń fi ẹ̀mú gbá ẹran ara mú láìtẹ̀ ẹ́ pa, bí a ti ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, bí a ti ń ta kókó, àti bí a ti ń rán ojú ọgbẹ́.

William Halsted, oníṣẹ́ abẹ ilé-ìwòsàn Johns Hopkins ní ìlú Baltimore, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ mọ́ àwọn òfin tí ó de iṣẹ́ yìí. Àwọn òfin náà kò pọ̀: fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú ẹran ara, dá ẹ̀jẹ̀ dúró pátápátá, má fi àyè gba kòkòrò àìfojúrí, má fi ipá fa ojú ọgbẹ́ pọ̀, má ṣe dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ibi tí ó fẹ́ jinná, má sì fi àlàfo sílẹ̀ lábẹ́ awọ níbi tí omi yóò ti kó jọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ ni àkójá gbogbo rẹ̀.

Kókó títa nìkan tó láti fi ìwọ̀n ewu iṣẹ́ náà hàn. Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tí dókítà ẹran ń ṣe jù lára abo ajá, ìyẹn yíyọ ilé-ọmọ àti ilé-ẹyin kí ó má baà bímọ mọ́. Ilé-ẹyin ajá wà nínú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn kíndìnrín, iṣan líle kan ni ó sì so ó rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò na iṣan yìí títí ilé-ẹyin yóò fi yọ sí ojú iṣẹ́, yóò fi ẹ̀mú há iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó lọ síbẹ̀, yóò fi òwú dì í, yóò gé e, yóò sì dá ohun tí ó kù padà sínú. Láti ìgbà tí ó bá ti dá a padà, ojú kò tó o mọ́. Òwú yẹn nìkan ni ó dúró láàrin ajá náà àti ikú.

Bí a bá ta kókó náà dáadáa, òwú ọ̀tún yóò gba orí tòsì ní àkọ́kọ́, tòsì yóò sì gba orí ọ̀tún ní ẹ̀ẹ̀kejì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé, tí ó tún fi ọ̀tún gba orí tòsì lẹ́ẹ̀kejì, kókó méjèèjì yóò jọ ara wọn lójú aláìmọ̀kan. Ṣùgbọ́n èkejì yìí a máa yọ̀. Ó lè má yọ̀ lórí tábìlì. Ó lè di ìgbà tí ajá bá jí, tí ó dìde, tí ara rẹ̀ sì gbóná. Ẹ̀jẹ̀ yóò máa dà sínú ikùn tí wọ́n ti rán pa, kò sì ní hàn sí ẹnikẹ́ni títí ètè ajá náà yóò fi funfun. Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Lẹ́yìn tí ọ̀nà bá ti dí, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin kókó méjì yìí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ òun ni ìyàtọ̀ láàrin ẹran tí ó padà sílé àti èyí tí kò padà mọ́.

3. Títú gbólóhùn náà palẹ̀

‘Wò ó lẹ́ẹ̀kan, ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kọ́ ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kan.’ Ètò ìkọ́ṣẹ́ tí Halsted gbé kalẹ̀ ní Johns Hopkins ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọpa gbólóhùn yìí dé. Nínú ètò náà, dókítà kékeré a máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá, a máa wo ọwọ́ rẹ̀, a sì máa gba iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò náà gba ọdún púpọ̀, gbólóhùn náà sì kúrú. Ohun tí gbólóhùn náà gé kúrò ni ó bí wàhálà.

Bí a bá wo ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀, ‘wò’, ‘ṣe’ àti ‘kọ́’, a ó rí i pé ‘mọ̀’ kò sí láàrin wọn. Gbólóhùn náà gbà pé ojú tí ó wò ti sọ fún ọwọ́. Bẹ́ẹ̀, ojú àti ọwọ́ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ kan náà. Ìwádìí Fitts àti Posner, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1967, pín kíkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sí ìpele mẹ́ta. Ní ìpele kìíní, akẹ́kọ̀ọ́ ń ronú lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àṣìṣe rẹ̀ sì pọ̀. Ní ìpele kejì, ìgbésẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ra. Ní ìpele kẹta, ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé a ń rò ó, ọkàn sì ráyè ronú lórí nǹkan mìíràn. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé gbólóhùn náà bí ó ti rí yóò gbé abẹ lé ẹran lára ní ìpele kìíní, nígbà tí ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ wà lórí èémí ẹran náà, ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ wà lórí ìka ọwọ́ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó yẹ fún àríwísí ni ‘lẹ́ẹ̀kan’. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ kankan tí ẹ̀ẹ̀kan tó fún. Nínú iṣẹ́ tí Ericsson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1993 lórí àwọn tí ń ta gòjé òyìnbó, wọ́n fi hàn pé ìdánrawò tí ó ní àfojúsùn, tí a ń tún ṣe, tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sì ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà nínú rẹ̀, ni ó ń ya ọ̀jáfáfá sọ́tọ̀. Iṣu atẹnumọ́ràn kì í jóná, bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ tí ó ń tún un ṣe kì í ṣàdédé ṣì í.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ‘é’, ìyẹn arọ́pò-orúkọ tí ó wà nínú ‘ṣe é’. Kí ni à ń ṣe? Gbólóhùn náà sọ iṣẹ́ abẹ di ohun kan tí ó dá dúró, bí ẹni pé kò sí ara tí a ń ṣe é sí. Ẹran kò sí nínú gbólóhùn náà rárá. Àìsí rẹ̀ nínú gbólóhùn ni ó mú kí ó rọrùn láti gbàgbé rẹ̀ lórí tábìlì.

4. Ẹran gẹ́gẹ́ bí wàláà

Ní Johns Hopkins kan náà, ní ọdún 1905, wọ́n ṣí yàrá iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Hunterian, níbi tí Harvey Cushing ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ènìyàn ní iṣẹ́ abẹ lára ajá. Ìdí rẹ̀ yé ènìyàn: wọn kò fẹ́ kí ènìyàn jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò là. Ajá dúró gẹ́gẹ́ bí wàláà tí à ń kọ̀wé sí kí a tó kọ ọ́ sórí ìwé gidi.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran lo ọ̀nà kan náà, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ajá tí ó jẹ́ wàláà náà ni ó jẹ́ aláìsàn. Ẹni tí ó ń kọ́ láti tọ́jú ajá ń ba ajá jẹ́ kí ó lè mọ bí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún ogún, ohun tí ó wọ́pọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran káàkiri àgbáyé ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ lára ẹran tí ara rẹ̀ le, kí wọ́n sì pa á lẹ́yìn rẹ̀. Ní àwọn ibòmíràn, wọ́n a jẹ́ kí ẹran náà jí, kí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tún lè là á ní ọjọ́ iwájú.

Àwọn tí ó gbèjà àṣà yìí kò ṣe é nítorí ìkà. Wọ́n ní ẹran ààyè nìkan ni ó ń ṣẹ̀jẹ̀, pé òun nìkan ni ó ń mí, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá rí ẹ̀jẹ̀ tí ó ń tú jáde rí yóò sá ní ọjọ́ tí ó bá rí i. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, a ó sì padà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwíjàre náà ní àlébù ńlá kan: ó gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀rù ń bà ń kẹ́kọ̀ọ́. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ronú nípa ajá tí wọn yóò pa láìpẹ́ kò ní ọkàn tí yóò fi gbọ́ bí a ti ń di ẹ̀mú mú. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní bẹ̀rù mọ́. Yóò pa ojú inú rẹ̀ dé kí ó lè ṣe é. Èyí burú ju ìbẹ̀rù lọ, nítorí pé ojú inú tí a bá pa dé ní ilé-ẹ̀kọ́ kì í yára là ní ibi iṣẹ́.

Ní 1959, William Russell àti Rex Burch gbé ìlànà mẹ́ta kan kalẹ̀ lórí lílo ẹran fún ìwádìí: kí a fi ohun mìíràn rọ́pò ẹran níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí a dín iye ẹran kù, kí a sì mú ìrora wọn fúyẹ́. Ìwádìí ni wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ìlànà náà wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá gbé ohùn sókè. Ní Yunifásítì Murdoch, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ìpẹ̀jọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1990 mú kí ilé-ẹ̀kọ́ gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ iṣẹ́ tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò gbà, kí wọ́n sì fún un ní ọ̀nà mìíràn láti kọ́ ọ. Ní ìlú Pomona, ní ìpínlẹ̀ California, Yunifásítì Western ti Ìmọ̀ Ìlera ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran ní 2003 lórí ìpinnu pé wọn kò ní pa ẹran kankan lára nítorí ẹ̀kọ́. Òkú ẹran tí ó kú fúnra rẹ̀, tí olówó rẹ̀ sì fi tọrẹ, ni wọ́n ń lò. Yunifásítì Tufts náà ti ń gba irú ọrẹ bẹ́ẹ̀ ṣáájú ìgbà náà.

5. Àfidánrawò àti ẹ̀rí tí ó wà fún un

Ohun tí a pè ní àfidánrawò níhìn-ín ni ohunkóhun tí kò lẹ́mìí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi dá ọwọ́ rẹ̀ wò. Ní ilé-ẹ̀kọ́ olówó, ó lè jẹ́ ère ajá tí a fi rọ́bà ṣe, tàbí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà bí èyí tí Sarah Baillie ṣe ní Yunifásítì Glasgow, tí ó ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ki ọwọ́ bọ inú màlúù tí kò sí níbẹ̀, kí ó sì mọ ilé-ọmọ rẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí a bá ní owó rẹpẹtẹ. Okùn tí a so mọ́ ẹsẹ̀ àga tó láti fi kọ́ kókó títa. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èèpo ọsàn ń kọ́ni bí abẹ ti í wọlé láìjìn jù. Fóòmù àti awọ adìẹ ṣeé rán. Ṣàkì tí a rà ní ilé ìpẹran ń kọ́ni bí a ti ń rán ẹ̀yà ara tí ihò wà nínú rẹ̀ tí omi kò fi ní jò. Rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára, tí omi pupa ń gba inú rẹ̀ kọjá, di iṣan ẹ̀jẹ̀: bí kókó kò bá di i pa, omi pupa yóò máa jò lójú gbogbo ènìyàn, kò sì sí ẹ̀mí tí yóò bọ́.

Ẹ̀rí wà pé nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe eré ọmọdé. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, Smeak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìgbéléwọ̀n kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1994, lórí àfidánrawò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ bí a ti ń rán ẹ̀yà ara oníhò fúnra rẹ̀. Ní 2000, Griffon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àyẹ̀wò mìíràn jáde, níbi tí wọ́n ti fi àfidánrawò ìdáẹ̀jẹ̀dúró wé òkú ẹran nínú kíkọ́ni ní yíyọ ilé-ọmọ ajá. Àwọn tí ó fi àfidánrawò kọ́ṣẹ́ kò rẹ̀yìn sí àwọn tí ó fi òkú ẹran kọ́ ọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí ọwọ́ nílò kì í ṣe ìrísí ẹran bí kò ṣe ìgbésẹ̀ iṣẹ́. Àfidánrawò lè má jọ ajá rárá, síbẹ̀ kí ó kọ́ni ní ohun tí ó gba ẹ̀mí ajá là.

6. Ètò ìkọ́ṣẹ́ Yorùbá: àfiwé

Ó yẹ kí a béèrè bóyá ọ̀nà yìí jẹ́ àjèjì sí Yorùbá. Kò jẹ́ àjèjì. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ kì í fi aṣọ oníbàárà bẹ̀rẹ̀. Èékù aṣọ ni yóò kọ́kọ́ rán, yóò tú u, yóò tún un rán. Bébà ni yóò kọ́kọ́ gé kí wọ́n tó gbà á láyè láti gbé sísọ́ọ̀sì sí àǹkárá ẹni ẹlẹ́ni. Ọmọ àyàn kì í ti orí ìyá ìlù bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀gá kan tí yóò sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé kí ó wò ó lẹ́ẹ̀kan kí ó sì gé aṣọ ìyàwó tuntun. Bí a kò bá lè fi aṣọ ẹlẹ́ṣọ kọ́ṣẹ́, kí ni ìdí tí a ó fi fi ẹ̀mí ẹlẹ́mìí kọ́ ọ?

Àmọ́ ṣá o, lámèyítọ́ òdodo kò gbọdọ̀ fi ojú ìfẹ́ nìkan wo ohun tí ó jẹ́ tiwa. Ètò ìkọ́ṣẹ́ Yorùbá ní àlébù tirẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀gá kì í ṣàlàyé. Ọmọ iṣẹ́ lè lo ọdún méjì ní gbígbálẹ̀ àti jíjẹ́ iṣẹ́ kí ó tó mọ ìdí tí ọ̀gá fi ń yí ọwọ́ padà ní ibì kan. Ẹni tí ojú rẹ̀ mú yóò rí i. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò mú, wọ́n á ní orí rẹ̀ kú. Kò sì sí òṣùwọ̀n kan pàtó tí a fi ń mọ ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ tó gbẹ́kẹ̀ lé, yàtọ̀ sí ojú ọ̀gá àti iye ọdún tí wọ́n dá. Ní ibí yìí, ‘wò ó’ tiwa àti ‘wò ó’ tiwọn pàdé.

Ohun tí ó lè tún méjèèjì ṣe ni àlàyé tí a fi ẹnu sọ. Rodney Peyton, nínú iṣẹ́ tí ó ṣe ní 1998, pín kíkọ́ni ní iṣẹ́ ọwọ́ sí ìgbésẹ̀ mẹ́rin. Olùkọ́ yóò kọ́kọ́ ṣe é bí ó ti yẹ láìsọ̀rọ̀. Yóò tún un ṣe, yóò máa ṣàlàyé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò máa sọ ohun tí ó kàn, olùkọ́ yóò sì máa ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ sọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe é, yóò sì máa sọ ọ́. Ìgbésẹ̀ kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù. Òun ni ‘mọ̀ ọ́n’ tí gbólóhùn àtijọ́ gbàgbé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣi ìgbésẹ̀ sọ, àṣìṣe rẹ̀ yóò hàn ní ẹnu kí ó tó dé ọwọ́.

Ní ìgbésẹ̀ yìí ni èdè abínibí ti wúlò. Ètò Ifẹ̀ tí Babs Fafunwa darí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ti fi hàn ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé ọmọ tí ó fi Yorùbá kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń kọ́ ọ dáadáa. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta bá lè sọ pé ‘ọ̀tún gba orí tòsì, fà á ṣinṣin, tòsì gba orí ọ̀tún, fà á ṣinṣin’, kò sí ohun tí ó dí i lọ́wọ́ láti tún sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà ìdánwò. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: ẹni tí ó lè fi Yorùbá sọ ìgbésẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹni tí ó lè ṣàlàyé fún ìyá arúgbó tí ó gbé ewúrẹ́ wá ohun tí òun fẹ́ ṣe fún ewúrẹ́ náà, kí ìyá náà sì mọ ohun tí ó ń fọwọ́ sí.

7. Àríwísí sí ọ̀nà tuntun

Ọ̀nà tuntun náà kò bọ́ lọ́wọ́ àríwísí. Àkọ́kọ́, fóòmù kì í ṣẹ̀jẹ̀, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í jí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti orí fóòmù lọ sí ibi iṣẹ́ tààrà kò tíì di dókítà. Àwíjàre àwọn tí ó gbèjà ẹran ààyè, tí a mẹ́nu bà lókè, tọ̀nà ní ti pé ẹran ààyè ṣe dandan. Ibi tí ó ti kùnà ni pé ó sọ ẹran ààyè di ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ dípò kí ó jẹ́ ìparí rẹ̀. Ẹran ààyè tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bá pàdé ni èyí tí iṣẹ́ abẹ náà yóò ṣe láǹfààní: òbúkọ tí olówó rẹ̀ fẹ́ tẹ̀ lọ́dàá, ajá tí wọn kò fẹ́ kí ó bímọ mọ́, ewúrẹ́ tí ó gbé ọ̀rá mì tí ó dí ṣàkì rẹ̀. Dókítà àgbà yóò dúró tì í, ẹran náà yóò sì padà sílé. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ajá tí kò ní olówó, tí wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò gbà wọ́n lẹ́yìn náà.

Èkejì, àfidánrawò kò lè rọ́pò olùkọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ra ère rọ́bà olówó gegere, tí ó sì tì í mọ́ yàrá, kò tíì ṣe nǹkan kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dá wà pẹ̀lú okùn lè ta kókó tí ń yọ̀ ní ìgbà igba, kí ó sì mọ̀ ọ́n ta burúkú-burúkú títí láé. Ìdánrawò láìsí ẹni tí yóò sọ pé ‘kì í ṣe bẹ́ẹ̀’ a máa sọ àṣìṣe di bárakú.

Ẹ̀kẹta, ìgbéléwọ̀n. Bí ìdánwò bá dá lórí ìwé nìkan, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ka ìwé, yóò sì pa okùn tì. Ní Yunifásítì Toronto, ní 1997, wọ́n gbé òṣùwọ̀n kan jáde fún àwọn oníṣẹ́ abẹ ènìyàn, níbi tí olùdánwò ti ń wo ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń fi máàkì sí i: ṣé ó fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú ẹran ara, ṣé ó fi àkókò ṣòfò, ṣé ó mọ irinṣẹ́ tí ó kàn. Irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò ná ni ju ìwé àti ojú lọ.

8. Àbá

Látàrí ohun tí a ti yẹ̀ wò yìí, àpilẹ̀kọ yìí dá àbá wọ̀nyí. Kí ìdánrawò ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ láti àwọn ọdún àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́, kí ó má ṣe dúró de ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dé ilé-ìwòsàn ẹran. Kí ètò náà ní ìpele tí kò ṣeé fò: okùn, èèpo àti fóòmù, ẹ̀yà ara láti ilé ìpẹran, òkú ẹran tí olówó rẹ̀ fi tọrẹ, lẹ́yìn náà ẹran ààyè tí ó nílò iṣẹ́ abẹ náà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe kúrò ní ìpele kan títí olùkọ́ yóò fi fi òṣùwọ̀n rí i pé ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Kí ilé-ẹ̀kọ́ bọ̀wọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò gbà kí ó pa ẹran kan nítorí ẹ̀kọ́. Kí àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá àti àwọn oníṣègùn ẹran sì jókòó pọ̀ láti ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá fún irinṣẹ́ àti ìgbésẹ̀ iṣẹ́ abẹ.

9. Ìgúnlẹ̀

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé gbólóhùn tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wò ó, kí ó sì ṣe é, fo ibi tí ẹ̀kọ́ gan-an wà kọjá. Ẹran ni ó ń san gbèsè ohun tí ó fò yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa ru ìyókù rẹ̀ lọ́kàn. Àwọn aránṣọ wa mọ̀ pé èékù aṣọ ni a fi ń mọ aṣọ rán. Bí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran bá gba ọgbọ́n yìí, tí ó sì fi àlàyé àti òṣùwọ̀n kún un, ọmọ ẹyẹ tí òwe sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ẹni tí a kọ́kọ́ fi igi gún mọ́. Ní ọjọ́ tí abẹ bá sì kàn án lára, ọwọ́ tí ó ti mọ̀ ọ́n ni yóò mú abẹ náà, àǹfààní ẹyẹ náà fúnra rẹ̀ ni yóò sì jẹ́.